A lọ kí wọn ní Sàró: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò ìhìnrere ìjọ wa sí Freetown

Ọjọ́bọ̀

Kí n tó sọ bí a ṣe gbéra, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Sàró, ìyẹn ilẹ̀ Sierra Leone, la lọ. Ìgbìmọ̀ Ìhìnrere ìjọ wa n'Ìbàdàn ti ń fa ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò òkè òkun lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, tipẹ́. Àwọn kan fẹ́ Kẹ́ńyà, àwọn kan ní Gáńbíà ló yẹ. Nígbà tí Bàbá Vicar máa dá sí i, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn rárá: "Ọwọ́ àwọn ará Sàró la ti gba ìhìnrere. Ṣé a ti lọ kí wọn kú iṣẹ́ rí?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìjọ Aké l'Abẹ́òkúta kò ní í bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Lọ́dún 1821 ni ogun kó Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń kó ẹrú lọ. Nígbà tó di 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Freetown ni Àjàyí ti mọ̀wé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi ní 1825 tó fi di Samuel Crowther, ẹni tó wá di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Òun nìkan kọ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà náà kì í ṣe kékeré. Láti 1839 làwọn kan nínú wọn ti ń wọkọ̀ bọ̀ ní Badagry, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ wá ilé baba wọn kiri. Àwọn wọ̀nyí, tí a ń pè ní Sàró, ló ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́ sí àwọn. Ìpè wọn ni Henry Townsend jẹ́ tó fi dé Abẹ́òkúta ní Oṣù Kínní 1843, kí òun àti Crowther tó padà wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1846. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé òyìnbó ló gbé ìgbàgbọ́ wá fún wa, ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fo àwọn Sàró dá.

Òru la fi ilé sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó. Nọ́ọ̀sì wà láàárín wa, èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ wà, káfíńtà wà, Ìyá Ẹgbẹ́ wà. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ohun èlò ìdánwò ṣúgà, awò ojú fún àwọn tí kò rí ìwé kà mọ́, irinṣẹ́ káfíńtà, ìwé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: ẹrù wa nìyẹn. A ò kó aṣọ àlòkù kankan. Àwọn tó ń gbà wá lálejò ló kọ̀wé pé ká má kó o wá, pé àwọn ìyá kan ní ìlú àwọn ń fi bọ̀sìkọ̀nà títà bọ́ ọmọ, pé bí àlejò bá kó ẹrù aṣọ dé tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ọjà àwọn ìyá náà ló bà jẹ́. Àwọn kan nínú ìjọ ti di báàgì wọn sílẹ̀ kí lẹ́tà náà tó dé, inú wọn ò sì dùn. Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn ni ohun tó dára jù lọ tó ṣẹlẹ̀ sí wa kí a tó gbéra. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè: àga fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, àyẹ̀wò ara pẹ̀lú ilé ìwòsàn àdúgbò, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. A fara mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò sì fi ìkankan kún un.

Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Sàró, ECOWAS ti mú ìyẹn kúrò. Yẹ́lò kaàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ni wọ́n ń béèrè ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó balẹ̀ ní Lungi. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú wọn wà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìlú wà. Ẹnu odò ńlá ló là wọ́n láàárín. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀. Wọ́n so ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì mọ́ gbogbo wa lára, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ìgbì, omi ń ta sí wa lójú. Ìyá Ẹgbẹ́ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, iná Freetown yọ lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá ní, "Ọmọdé mà ni Àjàyí nígbà tó rí òkè yìí o. Kò sì mọ ẹni tó ń mú òun bọ̀." Mi ò sọ nǹkan kan títí a fi gúnlẹ̀ ní Aberdeen.

Àwọn tó wá pàdé wa ti ń dúró láti ìrọ̀lẹ́. "Kushe o! Kushe!" Wọ́n gbé ẹrù wa lọ́wọ́ wa. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi gbà wá, ọbẹ̀ tí epo pupa àti ẹja gbígbẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì jẹ ìrẹsì lójúmọ́, kò tíì jẹun ní ilẹ̀ àwọn.

Ọjọ́ Ẹtì

Alùfáà tó gbà wá, ẹni tí ìjọ rẹ̀ wà ní apá Waterloo, ní ká kọ́kọ́ rí ìlú kí a tó kúrò níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Igi Òwú, igi ńlá àárín ìlú tí wọ́n ń yà sí ara owó wọn, ti wó. Ìjì ló gbé e lulẹ̀ ní ọjọ́ 24, Oṣù Karùn-ún 2023, kùkùté rẹ̀ ló kù. Ìtàn wọn ni pé abẹ́ rẹ̀ làwọn aláwọ̀ dúdú tó ti Nova Scotia wá ní 1792 ti péjọ dúpẹ́ pé àwọn ti di òmìnira. Àwọn ìyẹn ti ní ìjọ tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó rán òjíṣẹ́ sí wọn. David George, ẹni tó jẹ́ ẹrú ní Amẹ́ríkà rí, ni pásítọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi inú wọn.

Níwájú ilé ìwòsàn Connaught la ti pẹ́ jù. Ẹnu ọ̀nà olókùúta àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Àgbàlá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sí, wọ́n á tọ́jú àwọn tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n tó pín wọn sí àwọn abúlé orí òkè. Ọdún 1817 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà. Ìyá Ẹgbẹ́, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ìlú tí ogun kó lágbègbè wọn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, èyí tí ìyá wọn àgbà kọ́ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wọṣẹ́ dúró wò wá. Bàbá arúgbó kan tó ń ta omi nínú ọ̀rá ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó ní ká máa lọ, àwa náà ò sì lè lọ.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Cline Town láti wo ilé àtijọ́ Fourah Bay College. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1827, Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ilé tí a ń wò yìí ni wọ́n parí ní 1848. Iná jó o ní 1999, nígbà ogun abẹ́lé. Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ àwọn olùkọ́ tó wá kọ́ wa! Káfíńtà wa dúró lábẹ́ ibi tí òrùlé wà rí, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ki orí igi bọ ògiri. Ó ní ẹni tó ṣe é mọṣẹ́.

Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà ìhà ìlà-oòrùn ìlú pọ̀, ó dà bíi ti Ọ̀jọ́ọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ wa tó dé Waterloo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àwọn olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wá láti ìjọ mélòó kan. Àwọn olùkọ́ wa ló bójú tó èyí, nítorí náà mi ò ní í sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ohun kan ṣáá wọ̀ mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún dìde, ó ní ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì òun ni bàbá wọn jẹ́ Mùsùlùmí, pé kí ni kí òun sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbààwẹ̀ nílé? Olùkọ́ wa ti ń múra láti dáhùn, àmọ́ alùfáà tó gbà wá rọra gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní nínú ilé tòun gan-an, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti lọ sí Mẹ́kà; nígbà Kérésìmesì, òun ló máa ń se oúnjẹ. Ó ní kí ọmọbìnrin náà máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìfẹ́ Jésù, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ kankan tí ọmọ ò ní í lè tún sọ lójú bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ ká ka èyí sí etí àwọn oníwàásù kan nílé.

Lọ́sàn-án, aládùúgbò tó jẹ́ Alhaja gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti àgìdì wá fún wa nínú ewé. Àwọn òbí ìyá wọn àgbà, Yorùbá ni wọ́n, lára àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown, àwọn tí wọ́n ń pè ní Oku. Wọn ò gbọ́ èdè wa, Krio ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ wọn ọkùnrin ni Ayọ̀délé.

Ọjọ́ Ìsinmi

Ìsìn òwúrọ̀. Ilé ìjọsìn kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin wọ kóòtù pẹ̀lú táì nínú ooru yẹn, àwọn ìyá wọ fìlà ńlá. Bàbá Vicar wàásù láti inú Ìwé Róòmù orí 15, ẹsẹ 27, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé àwọn Kèfèrí tó ti pín nínú ohun ẹ̀mí àwọn ará Jerúsálẹ́mù jẹ gbèsè, ó sì yẹ kí wọ́n fi ohun ti ara ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Krio. Wọ́n ní, "Àwa ò wá ṣe yín lóore. Gbèsè la wá san, a ò sì ní í lè san án tán."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìtàn tí èmi kò gbọ́ rí. Ìsìn Kristẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní èdè Yorùbá, kì í ṣe Badagry, kì í ṣe Abẹ́òkúta. Freetown ni, ní Oṣù Kínní 1844. Crowther ló darí rẹ̀, Lúùkù orí kìn-ín-ní ló sì ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni àwọn tí ogun kó, tí wọ́n tà, tí wọ́n rò pé àwọn ò ní í gbọ́ èdè ìyá àwọn nínú ilé Ọlọ́run láéláé. Nígbà tó sì súre fún wọn ní ìparí, gbogbo ilé dáhùn pé, "Kó ṣẹ!"

Bàbá Vicar wá fi Yorùbá súre fún ìjọ. Àwọn tó gbọ́ ọ kò ju àwa àlejò lọ. Ṣùgbọ́n ìjọ ti gbọ́ ìtàn náà, wọ́n ti mọ èsì rẹ̀, gbogbo wọn sì dáhùn: "Kó ṣẹ!" Mo sunkún, ojú ò tì mí.

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àga ni. Kíláàsì mẹ́ta ló wà tí àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀. A ti gbèrò n'Ìbàdàn pé a ó fi owó ra pákó ní Waterloo, káfíńtà wa á gé e, a ó kàn án ní ìṣó, yóò tán lọ́jọ́ kan. Káfíńtà abúlé náà, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ń pè ní Pa, wo àwòrán tí a yà, wọ́n gbọn orí. Wọ́n mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Òkìtì àga wà níbẹ̀, tí wọ́n sọ pé àlejò kan ṣe fún wọn lọ́jọ́ sí. Pa gbé ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ bọ́. Ìṣó inú rẹ̀ ti dípẹtà tán. Òjò tó ń rọ̀ ní etí òkun yìí ní Oṣù Keje àti Ìkẹjọ kì í ṣe òjò tí a mọ̀ n'Ìbàdàn. Gbogbo nǹkan ló máa ń rin gbingbin.

Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Pa ló di ọ̀gá, káfíńtà tiwa di ọmọ iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí ara igi ìdúró, wọ́n á wá gé orí igi ìdábùú títí yóò fi kéré tó ihò náà gẹ́lẹ́, wọ́n á sì fi òòlù onígi gbá a wọlé. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, Pa á ní kí wọ́n yọ ọ́, kò dáa. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ kó tó wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu ihò kékeré kọjá lára méjèèjì, wọ́n á fi èèkàn igi dè é pa. Bí òjò bá dé, igi á wú, á tún mú ara wọn sí i. Ìṣó kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Káfíńtà wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìwó Road, ń gbẹ́ ihò, Pa ń sọ pé kó tún un gbẹ́, ó sì ń tún un gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n kó Crowther dé Freetown ní 1822, Bathurst lórí òkè ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ káfíńtà sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ náà nígbà tí wọ́n ń sinmi. Ọ̀kan nínú wọn wo ṣísẹ́lì ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá lóòótọ́ ni bíṣọ́ọ̀bù náà ti fi irú èyí ṣiṣẹ́ rí. Mo ní lóòótọ́ ni.

Àga ò tíì tó. Èyí tí ọwọ́ bà tó kíláàsì kan àti ààbọ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ ká yára parí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó kí a lè ya fọ́tò gbogbo kíláàsì kí a tó lọ. Bàbá Vicar kọ̀ jálẹ̀. Pákó tó kù wà lọ́wọ́ Pa, owó iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ alùfáà. Àwọn ló máa parí rẹ̀.

Ọjọ́rú

Iṣẹ́ tiwa, àwa nọ́ọ̀sì, dé. Kí ojúmọ́ tó mọ́ làwọn èèyàn ti tò sí abẹ́ igi máńgòrò ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ tó ń ronú irú ìrìn-àjò yìí mọ̀ ni èyí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, tí mo rí i pé ó ga, tí mo bu oògùn ọ̀sẹ̀ méjì fún un, tí mo wọkọ̀ òfuurufú lọ, kí ni mo ṣe fún un? Yóò lò ó tán, ara yóò tù ú, yóò rò pé òun ti gbádùn. Nítorí náà, àdéhùn tí a ṣe pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwòsàn náà kí a tó kúrò nílé ni pé àwa ò ní í pín oògùn. A ó wọn ẹ̀jẹ̀, a ó yẹ ṣúgà wò, ìwé tirẹ̀ ni a ó kọ ọ́ sí, òun ni yóò fúnra rẹ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́. Owó oògùn tí ìjọ wa dá, ní Freetown ni wọ́n ti fi ra irú èyí tí ilé ìwòsàn náà máa ń lò, ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn aboyún, àwọn ìyá ọlọ́mọ àti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìjọba wọn ti sọ ìtọ́jú wọn di ọ̀fẹ́ láti 2010. Àwọn yẹn kò nílò àlejò, ohun tí wọ́n nílò ni pé kí ẹnìkan rán wọn létí pé ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá kan tó ń ta ẹja jókòó níwájú mi. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 210 lórí 120. Mo dúró díẹ̀, mo tún un wọ̀n ní ọwọ́ kejì. Bákan náà. Mo béèrè bóyá orí ń fọ́ wọn. Wọ́n ní ó ti ń fọ́ wọn tipẹ́, wọ́n rò pé oòrùn etí òkun ni. Ọ̀gá ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ mú wọn wọlé, kò jẹ́ kí wọ́n padà sídìí ẹja lọ́jọ́ náà. Ilé ìyá náà kò jìnnà sí tirẹ̀, ó lè lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́la. Èmi ò lè ṣe ìyẹn láé láti Ìbàdàn.

Ayọ̀ ọjọ́ náà wà nídìí awò ojú. Télọ̀ kan wá, ó ní òun ti fi masín-ìnì sílẹ̀ nítorí òun ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ ọmọ òun ló ń bá òun wọ òwú. A fi awò kan sí i lójú, kò ṣe. A pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a fi ẹ̀kẹta sí i, ó yọ abẹ́rẹ́ tó há mọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó tú òwú díẹ̀ lára etí aṣọ, ó lá orí òwú náà, ó mú un bọ ihò abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé e sókè han gbogbo èèyàn. Ariwo ta lábẹ́ igi máńgòrò.

Garawa omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà. Ọ̀gá ibẹ̀ ní láti ìgbà Ebola ni, òun ò sì ní í gbé e kúrò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé, àrùn náà pa lára wọn ní 2014. Ó sọ̀rọ̀ Dókítà Sheik Umar Khan, tó ń tọ́jú àwọn tí Ebola mú ní Kenema tó sì kú sínú iṣẹ́ náà ní Oṣù Keje ọdún yẹn. Èmi náà sọ ti Dókítà Ameyo Adadevoh wa l'Ékòó, tí kò jẹ́ kí aláìsàn Ebola kan jáde lọ sáàárín ìlú, tó sì kú ní Oṣù Kẹjọ. A jọ gbàdúrà fún ìdílé wọn, àwa méjèèjì nìkan, nínú yàrá oògùn.

Ọjọ́bọ̀

Láàárọ̀, wọ́n pè wá sí ìkọ́mọjáde ọmọ aládùúgbò kan. Ìyá àgbà kan gbé ọmọ náà jáde síta, wọ́n gbé e yí ilé ká, wọ́n ń sọ ohun tó ń rí fún un. Ìyá Ẹgbẹ́ fi àádùn tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn ta ọmọ náà lọ́rẹ, ìyá rẹ̀ sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Lọ́sàn-án, a gun òkè lọ sí Regent. Abúlé àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ni Regent náà. Ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò ọjọ́ púpọ̀, apá kan Òkè Sugarloaf ya lulẹ̀ kùtùkùtù òwúrọ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sùn. Àwọn tó kú àti àwọn tí a ò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Igi òkè ni wọ́n ti gé tán, wọ́n sì ti kọ́lé kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìlú ti há, tálákà ò sì rí ibòmíràn gbé. A rí ojú ibi tí ilẹ̀ ti ya. Koríko ti hù bò ó, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa lọ pàdánù bàbá, ìyá àti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan nínú wa yọ fóònù láti ya á ní fọ́tò. Bàbá Vicar gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sí àpò. Kò sí fọ́tò Regent kankan nínú èyí tí a ó fi han ìjọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìpàdé ìkẹyìn, ní yàrá ilé ìwé, lórí àga tuntun. Àwọn tó gbà wá ló darí rẹ̀, èmi ló kọ ìwé.

Wọ́n ní ká má wá ní ìgbà òjò. Wọ́n ní kí iye èèyàn dín kù bí a bá tún ń bọ̀, nítorí oúnjẹ àti ibùsùn àlejò ń wọ àwọn ìyá ìjọ lọ́rùn. Kí nọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, kí àwọn yòókù dín. Mo mọ̀ pé èyí ò ní í dùn mọ́ àwọn tó ti ń forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Wọ́n ní ká fi owó oògùn ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀gá ilé ìwòsàn sì máa fi iye àwọn tó ń padà wá gba oògùn ránṣẹ́ sí wa. Pa ní méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ òun fẹ́ wá wo ẹ̀rọ tí káfíńtà wa fi ń gé igi n'Ìbàdàn. Káfíńtà wa ní ilé òun ni wọ́n máa sùn.

Bàbá Vicar wá ní ohun kan tí àwọn fẹ́ tọrọ. Ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ wa, kì í ṣe àwọn ló máa wàásù. Wọ́n fẹ́ kí alùfáà Waterloo wá gun orí àga ìwàásù wa, kó wí ohun tí Ọlọ́run bá fi sí i lẹ́nu, kó bá wa wí bó bá yẹ, kí wọ́n sì mú un lọ sí Aké lẹ́yìn rẹ̀. Alùfáà náà dákẹ́ títí, ó ní òun ò wọ Nàìjíríà rí. Ó ní òun máa wá.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì náà á bá a wá. Owó ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì pé. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó rí akápò lẹ́yìn ìsìn, kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde. Ìyá Ẹgbẹ́ ti san ìdajì ti ẹnìkan.